Àbámọdá Inú Ìkòkò: Ewé Tí Ìtọ́jú Àṣejù Ń Pa

Àwọn baba wa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n àlejò kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà sínú ilé lóde òní, tí a ń gbé kalẹ̀ sí ojú fèrèsé nínú ìkòkò kékeré, tí ó jẹ́ pé omi ni ó ń pa á ju òùngbẹ lọ. Ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù ni ó sì sábà máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Àbámọdá ni orúkọ àlejò náà. Nípa rẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwa tìkára wa, èyí tí a kò fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ẹnikẹ́ni nínú yín.

Irú Ewé Tí Àbámọdá Í Ṣe

Díẹ̀ ni ọmọ Yorùbá tí a tọ́ dàgbà nínú agbo ilé tí kò tíì rí àbámọdá rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má mọ orúkọ rẹ̀. Ìdí ògiri àtijọ́ ni ó fẹ́ràn láti máa hù sí, àti ẹ̀gbẹ́ àlàpà, àti ibi tí òkúta pọ̀ tí àgbàdo kò lè so. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán, ó sì kún fún omi, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dún pọ́ bí ilá tútù nígbà tí a bá ṣẹ́ ẹ. Etí ewé náà rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn tí kò mú mọ́. Nínú àwọn kòtò wẹ́wẹ́ tí ó wà láàárín eyín wọ̀nyí ni iṣẹ́ ìyanu rẹ̀ wà, èyí tí a ó sọ nígbà tí a bá dé ibẹ̀. Nígbà tí ó bá dàgbà dáadáa nínú oòrùn, òdòdó rẹ̀ a máa so rọ̀ bí agogo kéékèèké.

Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Bryophyllum pinnatum, àwọn mìíràn sì ń pè é ní Kalanchoe pinnata. Láti inú èdè Gíríìkì ni a ti mú Bryophyllum, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ewé tí ń rú. Erékùṣù Madagásíkà ni ó ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ti tàn káàkiri gbogbo ilẹ̀ olóoru ní ayé. Àwọn àgbà wa a máa gbọ́ àbá tí ènìyàn dá nínú orúkọ rẹ̀, wọn a sì máa fi í tọrọ pé kí àbá rere tí àwọn dá kí ó ṣẹ. Ọ̀dúndún, ewé tútù tí gbogbo wa mọ̀ mọ ìwúyè ọba, jẹ́ ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń pe àbámọdá ní ẹrú ọ̀dúndún. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, nínú ilé ìsìn àwọn ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ wa, orúkọ àwọn ewé méjèèjì kò tíì parun títí di òní. Ohun tí a ó sọ nípa ìtọ́jú àbámọdá bá ọ̀dúndún náà mu ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà.

Bí A Ti Fi Ọwọ́ Ara Wa Pa Tiwa

Ẹ̀gbọ́n ìyá wa kan wà ní Abẹ́òkúta tí a ń pè ní Ìyá Àgbà. Ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀, lẹ́bàá ògiri amọ̀ kan tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó tán, àbámọdá hù lọ bí ẹni pé a gbìn ín. Kò sí ẹni tí ó bu omi fún un rí. Ibẹ̀ ni àwa ọmọdé ń ṣeré sí, a sì máa ń fi ewé náà ṣe owó nígbà tí a bá ń ṣe eré ọjà. Nígbà tí Ìyá Àgbà papòdà, àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilẹ̀ náà. Kí ẹni tí ó rà á tó wó ògiri, a lọ hú igi àbámọdá kan wá sí ilé wa ní Èkó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a da sìmẹ́ńtì bo gbogbo ẹ̀yìn ilé ọ̀hún.

A mú agolo mílíìkì ńlá kan, a kùn ún ní ọ̀dà, a sì gbin ewé náà sínú rẹ̀. A kò lu ihò sí ìdí agolo náà, nítorí a kò fẹ́ kí omi ba tábìlì jẹ́. Ilẹ̀ dúdú ààtàn ni a kó sínú rẹ̀, a rò pé oúnjẹ gidi ni a fún un. Lójoojúmọ́, bí a bá ti jí, a ó bu ife omi kan sí i, bí ẹni ń kí Ìyá Àgbà ní ẹ kú àárọ̀. Ní oṣù kejì, ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. A wí pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, a sì sọ omi náà di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tún kọjá, igi náà tẹ̀ dànù ní òru ọjọ́ kan. A fà á, ó sì bá wa wá wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí gbòǹgbò. Gbòǹgbò ti rà bí ẹ̀fọ́ àná, ilẹ̀ inú agolo náà sì ń rùn bí àbàtà.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. A jókòó ti agolo náà pẹ́ títí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Àbámọdá kò wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí a bá wá a dé ìgboro, a ó rí òmíràn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó hù ní ìdí ògiri Ìyá Àgbà ni ó kú yìí, kò sì sí ògiri náà mọ́ tí a lè padà lọ síbẹ̀. Ohun tí a rí lẹ́yìn èyí, a ó sọ ọ́ nígbà tí a bá fẹ́ parí ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó yẹ kí a ti mọ̀.

Èrèdí Tí Omi Fi Ń Pa Á

Ìdí méjì ni ó wà. Èkínní ni pé gbòǹgbò a máa mí. Àárín ilẹ̀ kún fún àlàfo wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Nígbà tí omi bá dúró sínú ìkòkò tí kò rí ibi jáde, omi náà a gba gbogbo àlàfo wọ̀nyí, afẹ́fẹ́ a sì tán. Gbòǹgbò a fún pa, lẹ́yìn náà ìdíbàjẹ́ a wọ̀ ọ́. Ibi tí ó ṣòro fún olùtọ́jú ni pé igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti rà kò lè fa omi mu mọ́, nítorí náà ewé rẹ̀ a rọ, a sì dàbí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Olùtọ́jú a wá bu omi kún omi. Bí àwa ti ṣe nìyẹn.

Èkejì ni pé àbámọdá kò náwó omi bí àwọn ewé mìíràn. Ará Jámánì kan wà tí ń jẹ́ Benjamin Heyne, ẹni tí ó kọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ Íńdíà gẹ́gẹ́ bí míṣọ́nárì, tí ó sì di onímọ̀ ewéko níbẹ̀. Ó tọ́ ewé àbámọdá wò ní òwúrọ̀, ó sì rí i pé ó kan. Ó tọ́ ọ wò ní ọ̀sán, kò ní adùn kan pàtó. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó korò díẹ̀. Ó kọ ìwé nípa ohun tí ó rí yìí sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá tí a ń pè ní Linnean Society ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1815.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà ti yé àwọn onímọ̀ dáadáa nísinsìnyí. Lára ewé gbogbo ni ẹnu wẹ́wẹ́ wà tí ojú lásán kò lè rí, èyí tí ewé ń gbà mú nínú afẹ́fẹ́ tí àwa ènìyàn ń mí síta, tí a ń pè ní kábọ́ọ̀nù dáyọ́sàìdì. Ewé púpọ̀ ń la ẹnu wọ̀nyí ní ọ̀sán, oòrùn a sì máa fa omi ara wọn jáde gba ibẹ̀. Àbámọdá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi bá wọ́n, ní òru, tí ilẹ̀ ti tutù, ni ó ń la ẹnu rẹ̀. Ó ń gba afẹ́fẹ́ náà wọlé, ó ń sọ ọ́ di omi kíkan, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú ewé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà tí oòrùn bá yọ, ó pa ẹnu dé, ó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ omi kíkan náà di oúnjẹ. Ó dàbí ìyá olóúnjẹ tí ó ra ohun gbogbo ní ọjà alẹ́, tí ó wá ti ilẹ̀kùn mọ́rí ní ọ̀sán, tí ó sì ń dáná. Ọ̀pẹ òyìnbó tí a ń jẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù láti gbé àbámọdá sínú yàrá tí ó ń sùn. Kò ní í gba èémí mọ́ ọn lọ́wọ́ ní òru. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe purọ́ fún ara wa pẹ̀lú: ìkòkò kékeré kan kò lè fọ afẹ́fẹ́ yàrá mọ́. Ẹni tí ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tuntun, kí ó ṣí fèrèsé rẹ̀.

Ìkòkò àti Ilẹ̀ Rẹ̀

Ìkòkò amọ̀ ni ó dára jù, nítorí omi a máa gba ara rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ike tàbí agolo ni a ní, ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n dandan ni kí ihò wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tún un sọ, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ náà gan-an: ìkòkò tí kò ní ihò ní ìdí kì í ṣe ilé fún àbámọdá, sàréè rẹ̀ ni. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín nítorí tábìlì, ẹ gbé àwo pẹlẹbẹ sí abẹ́ ìkòkò, kí ẹ sì da omi tí ó bá sẹ̀ sínú rẹ̀ nù.

Kí ìkòkò náà má ṣe tóbi jù. Ìkòkò ńlá tí igi kékeré wà nínú rẹ̀ a máa gba omi tí gbòǹgbò kò lè mu tán. Èyí tí ó fi ìwọ̀n ìka méjì tóbi ju ìdí igi náà lọ ti tó. Ẹ fi àpáàdì kékeré kan bo ihò ìdí rẹ̀, kí ilẹ̀ má bàa dà jáde, ṣùgbọ́n kí omi lè kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ po ilẹ̀ ọgbà ife kan mọ́ iyanrìn odò ife kan. Kí ó má ṣe jẹ́ iyanrìn etí òkun, nítorí iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tàbí èédú fífọ́ díẹ̀ kò burú níbẹ̀. Ilẹ̀ ààtàn lásán, bí ó ti wù kí ó dúdú tó, wúwo jù fún un. Ó ń di omi mú bí kànìnkànìn.

Ìgbà Tí A Ó Bu Omi

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè pé, ẹ̀ẹ̀melòó ni kí a máa bu omi fún un lọ́sẹ̀? Ìbéèrè náà kò tọ́, nítorí kì í ṣe ọjọ́ ni ó yẹ kí a máa kà. Ilẹ̀ ni kí a máa wò. Ẹ ti ìka bọ inú ilẹ̀ ìkòkò náà títí dé oríkèé kejì. Bí ọ̀rinrin bá kan ìka yín, ẹ padà lẹ́yìn, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ dé ìsàlẹ̀ ìka, ẹ bu omi sí i dáadáa títí yóò fi jáde ní ìdí ìkòkò, lẹ́yìn náà kí ẹ má ṣe tún fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbẹ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Omi kíkún lẹ́ẹ̀kan, kí a sì dúró pẹ́, ó sàn ju omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ lọ.

Ní àkókò òjò, tí afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, ó lè ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí ilẹ̀ tó gbẹ. Ní àkókò ọyẹ́, tí ètè gbogbo wa ń là, ó lè má tó ọ̀sẹ̀ kan. Inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ sí tún ní ìṣe tirẹ̀. Èyí ni a fi ń wí pé ẹni tí ó bá ń ka ọjọ́ yóò ṣì í, ẹni tí ó bá ń wo ilẹ̀ kò ní í ṣì í.

Ewé náà fúnra rẹ̀ a máa sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́. Nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ nítòótọ́, ewé rẹ̀ a tín-ín-rín, a sì hunjọ díẹ̀ bí awọ ọwọ́ arúgbó, ṣùgbọ́n kò ní í rà. Ẹ bu omi fún un, láàárín ọjọ́ díẹ̀ yóò tún kún. Nígbà tí omi bá pọ̀ jù, ewé ìsàlẹ̀ a pọ́n, a rọ̀ bẹ̀tẹ̀bẹ̀tẹ̀ bí èso tí ó pọ́n jù, a sì jábọ́ nígbà tí a bá fi ọwọ́ kàn án. Ìdí igi a sì dúdú. Bí ẹ bá tètè rí i, ẹ hú u, ẹ gé gbogbo ibi tí ó ti rà kúrò pẹ̀lú ọ̀bẹ mímọ́, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan níbi tí oòrùn kò ti ta, kí ẹ sì tún un gbìn sínú ilẹ̀ tuntun tí ó gbẹ. Aláìsàn omi ni. Kí a má ṣe fi omi wò ó.

Ìmọ́lẹ̀

Lẹ́yìn omi, ohun kejì tí ń pa àbámọdá nínú ilé ni òkùnkùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkùnkùn kì í yára pa á. Bí ilé ti sún mọ́ ilé ní ìlú ńlá, tí a sì fi nẹ́ẹ̀tì dí ojú fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wọ yàrá kéré ju bí ojú wa ti rò lọ. Ẹ dán an wò báyìí: ní ọ̀sán gangan, ẹ na ọwọ́ sí iwájú ìkòkò náà. Bí òjìji ọwọ́ yín bá hàn kedere lára ewé, ìmọ́lẹ̀ tó. Bí òjìji náà kò bá hàn rárá, ẹ wá ibòmíràn fún un.

Fèrèsé tí ó kọjú sí ìlà oòrùn ni ó dára jù, kí oòrùn òwúrọ̀ lè kàn án. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yí ìkòkò náà díẹ̀, kí igi má bàa tẹ̀ sí apá kan. Igi tí ìmọ́lẹ̀ kò tó a máa ga tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ a jìnnà sí ara wọn, a sì na ọrùn sí ọ̀nà fèrèsé bí ọmọ tí ń retí ìyá rẹ̀ láti ọjà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé irú igi bẹ́ẹ̀ bọ́ sí ìta, kí ó má ṣe jẹ́ lójijì; ọjọ́ díẹ̀ ní ibòji, lẹ́yìn náà oòrùn òwúrọ̀ nìkan, kí ó tó di oòrùn ọ̀sán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ewé yóò jó.

Ní ti kòkòrò, ẹ máa wo abẹ́ ewé àti ìdí rẹ̀ níbi tí ó ti so mọ́ igi. Bí ẹ bá rí ohun funfun kéékèèké bí ẹ̀gbọ̀n òwú, kòkòrò tí ń fa omi ara ewé ni. Ẹ fi òwú tí a rì bọ omi ọṣẹ nù wọ́n kúrò, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kò fẹ́ ajílẹ̀ púpọ̀. Lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, díẹ̀, ó tó.

Ìkìlọ̀ Fún Àwọn Òbí

Àwọn àgbà wa mọ oríṣiríṣi ìlò àbámọdá nínú oògùn, pàápàá fún ikọ́. Àwa kò kọ èyí láti kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìṣègùn, iṣẹ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ pé oró kan wà nínú ìdílé ewé yìí tí ń ba iṣẹ́ ọkàn ẹran jẹ́. Ní ilẹ̀ Australia, màlúù tí ó jẹ ewé àti òdòdó àwọn ìbátan rẹ̀ ti kú. Ajá àti ológbò tí ó bá jẹ ẹ́ lè máa bì. Nítorí náà, kí ìkòkò náà wà níbi tí ewúrẹ́, ajá àti ọmọ tí ń rákò kò lè dé. Bí Heyne ti tọ́ ọ wò ní àtijọ́, kí àwọn ọmọ wa má ṣe bá a tọ́ ọ wò.

Ewé Tí Ń Bí Ọmọ

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ agolo wa. Lẹ́yìn tí a ti da ilẹ̀ rẹ̀ nù, ó tó ogójì ọjọ́ kí a tó gbá yàrá náà dáadáa ní ìpalẹ̀mọ́ ọdún Kérésìmesì. Nígbà tí a sún tábìlì kúrò lára ògiri, a rí ewé kan nílẹ̀. Ewé àbámọdá ni. Ó ti já bọ́ sẹ́yìn tábìlì ní ọjọ́ kan tí a kò mọ̀. Ó ti hunjọ, ó ti fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ní etí rẹ̀, nínú àwọn kòtò wẹ́wẹ́ tí a sọ ní ìṣáájú, ọmọ márùn-ún ti yọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ewé kéékèèké méjì tàbí mẹ́rin, pẹ̀lú gbòǹgbò bí fọ́nrán òwú. Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bu omi kankan sí i. Èyí tí a tọ́jú ti kú. Èyí tí a gbàgbé ni ó ti di ìyá ọlọ́mọ.

Kì í ṣe iṣẹ́ àrà ọ̀tọ̀ fún àbámọdá. Nígbà tí ewé bá wà lára igi, àwọn ọmọ tí ó wà ní etí rẹ̀ a máa sùn. Nígbà tí ó bá já kúrò lára ìyá rẹ̀, wọ́n a jí, wọn a sì máa jẹ nínú omi àti oúnjẹ tí ó wà nínú ewé náà títí wọn yóò fi rí ilẹ̀ dì mú. Goethe, akéwì ńlá ilẹ̀ Jámánì tí ó kú ní ọdún 1832, fẹ́ràn ewé yìí púpọ̀ nítorí ohun yìí gan-an. Ó ń gbìn ín nínú ilé rẹ̀, ó sì máa ń fi àwọn ọmọ rẹ̀ ta àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Ní erékùṣù Galápagos, nínú òkun Pàsífíìkì, níbi tí a gbé e lọ nítorí ẹwà rẹ̀, ó ti bo ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di èpò tí ń fún àwọn ewéko ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ewé kan náà tí ó kú lọ́wọ́ wa lórí tábìlì ni o!

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ tọrọ ewé kan tí ó dàgbà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní àbámọdá. Ẹ tẹ́ ẹ sórí iyanrìn tí ó tutù díẹ̀ nínú àwo, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí rí ọmọ. Nígbà tí ọmọ náà bá ga tó ìwọ̀n ìka kan, ẹ yọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ gbìn ín sínú ìkòkò tirẹ̀.

Fún Àwọn Ará Wa Ní Ilẹ̀ Òtútù

Àwọn ará wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní irú ibẹ̀ lè tọ́jú àbámọdá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n inú ilé nìkan ni ní ìgbà òtútù, nítorí yìnyín a máa pa á. Kí ewé rẹ̀ má ṣe fara kan gíláàsì fèrèsé ní òru, kí a sì dín omi rẹ̀ kù gidigidi ní oṣù tí ọ̀sán kúrú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ewé pamọ́ sínú àpótí láti ilé wá. Òfin ibẹ̀ béèrè ìwé ẹ̀rí ìlera fún irú ewéko bẹ́ẹ̀. Ó wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta òdòdó níbẹ̀, bí a bá fi orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é béèrè.

Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn

A gbin àwọn ọmọ márùn-ún náà sínú ìkòkò amọ̀ kéékèèké márùn-ún, tí ihò wà ní ìdí wọn. Ọ̀kan wà ní ojú fèrèsé wa títí di òní. A fi mẹ́rin yòókù ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Ìyá Àgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí ni ohun tí ó dùn mọ́ wa jù. Bí a bá tún ṣe àṣìṣe, ti Ìyá Àgbà kò ní í parun mọ́, nítorí kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ìmọ̀ràn wa fún yín ni pé, bí ewé kan bá wà nílé yín tí ẹ kò fẹ́ pàdánù, ẹ tètè pín in fún ẹlòmíràn.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Nígbà púpọ̀, ohun tí a fẹ́ràn ń fẹ́ kí a máa wo òun ju kí a máa da nǹkan lé òun lórí lọ. Ní òwúrọ̀ a ṣì máa ń kí ìkòkò náà bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka ni a ń tì bọ inú ilẹ̀ rẹ̀ nísinsìnyí. Bí ó bá tutù, a ó fi ife omi wa sílẹ̀, a ó sì bá iṣẹ́ wa lọ.